Ta Ní Ń Gbọ́ Ọ Nígbà Tó O Bá Ń Fọn Sax?

Àwa tí à ń fọn sásófóònù ní Abẹ́òkúta, orúkọ kọ́ la kọ́kọ́ máa ń bi ara wa. Àpótí ọwọ́ ẹni la máa ń wò. Bó bá kúrú, a ti mọ̀ pé alto ni. Bó bá gùn, tó ń wọ́ èjìká ẹni tó gbé e wálẹ̀, tenor ni. "Bọ̀dá, ẹ kú ìrìn o. Tenor nìyẹn, àbí?" Kò ní pẹ́ tí ìbéèrè gan-an á fi yọjú: "Níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

Wọ́n ti bi mí lẹ́yìn gbọ̀ngàn kan ní Kútọ̀ nígbà tí ìyàwó ń múra àtiwọlé. Wọ́n ti bi mí nínú táásì ní Pànṣẹ́kẹ́, àpótí wà lórí itan mi. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú náà bi mí rí, àmọ́ tìyẹn ní ìdí tiẹ̀: obìnrin tó ń fọn fèrè ló yà á lẹ́nu, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ mi gbà. Ní ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, wọ́n ń bèèrè kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa tò mí sí. Ṣé ọmọ ìwé ni mí, tó ń ka àmì orin lórí ìlà márùn-ún? Ṣé ọmọ ìjọ ni mí, tó fi etí gbọ́ ọ kọ́? Àbí ọmọ YouTube? Gbàrà tó o bá ti fèsì, wọ́n ti ní èrò kan nípa rẹ kó o tó fẹ́ atẹ́gùn kankan sínú irin.

Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè yẹn ti ń sú mi. Mo ti wá ní òmíràn tí mo fi rọ́pò rẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ káwọn èèyàn dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dá mi lóhùn: ta ní ń gbọ́ ọ nígbà tó o bá ń fọn? Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ kọ́ ni mò ń bèèrè o. Ẹni tó máa ń sọ pé "dúró ná, tún ibẹ̀ fọn" ni mò ń wí.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti reed, torí níbẹ̀ ni ìyangàn wa pọ̀ sí jù. Reed ni pẹlẹbẹ tín-ínrín tí à ń dè mọ́ mouthpiece, ìyẹn ibi tí à ń fi ẹnu sí lára sax. Òun ló ń gbọ̀n nígbà tí èémí bá gba ibẹ̀ kọjá, gbígbọ̀n rẹ̀ ló sì ń di ohùn. Ara ewéko gíga kan tó jọ ọparun ni wọ́n ti ń gé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń ka sax mọ́ ẹbí fèrè onígi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé idẹ ni wọ́n fi rọ ara rẹ̀. Nọ́ńbà ló ń sọ bí reed ṣe le tó: 1½, 2, 2½, 3, ó ń lọ sókè bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin méjì ò ní tíì mọ orúkọ ara wọn tí ọ̀kan á ti sọ pé, "Èmi, 3 ni mò ń lò o," bí ẹni ń dárúkọ oyè. Nọ́ńbà yẹn nìkan kò sì sọ nǹkan kan. Bí ẹnu mouthpiece bá ṣí fẹ̀, reed 2 lórí rẹ̀ lè gba èémí ju 3 lórí èyí tó há. Mo mọ ẹni tó ń fi 3 jìyà, tí afẹ́fẹ́ pọ̀ ju ohùn lọ nínú ohun tó ń fọn, tí kò sì jẹ́ sọ̀kalẹ̀ nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lo 3. Ọyẹ́ ló máa ń yan gbogbo wa jẹ. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá gbẹ, reed á ká kò, á sán, ẹni tí ẹyọ kan péré kù sí lápò á sì gbàgbé nọ́ńbà.

Ó wá di ọ̀sán Sátidé kan, a péjọ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbarà tí ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ tíṣà bá wa tọrọ. Òde la ti máa ń rí ara wa tẹ́lẹ̀, tí a ó kàn juwọ́ síra wa láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Lọ́jọ́ yìí, kò sí ìyàwó, kò sí alága ìdúró. Àwa nìkan ni, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké tí orúnkún wa ò wọ abẹ́ rẹ̀, àti kíbọ́ọ̀dù kékeré kan tó ń lo bátìrì.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé jẹ́ ọmọkùnrin kan láti Láfẹ́ńwá. Tenor ló gbé wá, tenor ìjọ ni, kì í ṣe tiẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dá a padà kó tó di ìṣọ́ òru. Ìjọ aláṣọ funfun ló ti kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń fọn trumpet níbẹ̀ ló bá a fi ìka síbi tó yẹ, lẹ́yìn ìyẹn, ìsìn ló kọ́ ọ ní ìyókù. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun ní scale kankan rí, ṣùgbọ́n kò síbi tí dò lè sá sí lórí irin náà tí òun ò ní rí i. Wòlíì kì í sọ key kó tó dá orin. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá bọ́ sí ló bọ́ sí. Ìyá ìjọ kan á tún gba orin náà lẹ́nu wòlíì, á sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ kó lè bá ọ̀fun tirẹ̀ mu. Onílù ò ní wàhálà kankan. Ìwọ tó o di irin mú ni wàhálà kàn, kó o wá dò tuntun kí ẹsẹ kejì tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó wá sílé fún ìsinmi láti Poly Ìbàdàn, níbi tó ti ń ka Music Technology. Alto tiẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ní aṣọ tó fi ń nu inú rẹ̀, ó ní aṣọ mìíràn tó fi ń nu ìta. Ó ń ka orin lójú ìwé bí èmi ṣe ń ka ìwé ìròyìn. Ó ti jókòó fún ABRSM, ìdánwò orin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ń lọ láti grade 1 dé grade 8, ó sì ń gbára dì fún grade 6. Ó ṣàlàyé fún wa pé kò sẹ́ni tó lè jókòó fún 6 láìkọ́kọ́ yege nínú grade 5 ti ìmọ̀ orin lórí ìwé, tàbí ohun tí wọ́n kà sí pé ó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ Láfẹ́ńwá ní, "Ẹ fẹ́ fọn fèrè, wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá kọ̀wé?" A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún díẹ̀.

Ọmọ Ọ̀bàǹtokò ló dé kẹ́yìn. Yunifásítì FUNAAB ló wà, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kà níbẹ̀. Alto rẹ̀ wá láti China, èèyàn kan ti lò ó l'Ékòó kó tó rà á. Òru ló fi ń kọ́ ọ lórí fóònù nígbà tí dátà bá rọjú. Onílé rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un, nítorí náà ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí lẹ́yìn ilé wọn ló ti ń fọn ún, láàárín búlọ́ọ̀kù àti koríko. Ó ní àwọn ewúrẹ́ ti mọ òun.

Èmi ní tèmi, Bàbá kan ní Ìdí-Àbà ló kọ́ mi, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn ọlọ́pàá. Bàbá yìí kì í fọn mọ́, torí pé eyín òkè ló ń jókòó lórí mouthpiece, tiẹ̀ sì ti lọ. Àmọ́ etí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo lè wà ní pálọ̀ kí òun wà nínú kíṣìnnì nídìí ẹ̀bà, kí n máa fọn ohùn kan ṣoṣo lọ gbọọrọ, kí n sì gbọ́ láti inú lọ́hùn-ún: "Ó ti ń wálẹ̀ níparí. Fi ikùn gbé e." Ojú rẹ̀ ò tó mi o. Oṣù tó pọ̀ ni kò fi jẹ́ kí n fọn orin kankan. Ohùn gígùn ṣáá ni. Ìgbà yẹn, mo rò pé Bàbá ń fi mí ṣeré ni.

A gbé irin sẹ́nu. Ọmọ Láfẹ́ńwá ní ká mú orin ìyìn kan tí kò sí ìjọ tí kò mọ̀ ọ́n, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká mú un ní F." Kálukú wa gbé ìka sí F. Ariwo tó jáde, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ọmọ Ọ̀bàǹtokò wo tenor pé ó ti bàjẹ́. Tenor náà ń wo àwa alto.

Irin kankan ò bàjẹ́. F orí alto kì í ṣe F orí dùùrù. A flat ló ń dún. F orí tenor, E flat ló ń dún. Ohun kan náà ni ìka wa ń ṣe, àmọ́ orin méjì ni etí ń gbọ́, ọ̀kan ń rìn lórí èkejì tí wọn ò sì pàdé. Ẹni tó ṣe irin yìí ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Adolphe Sax, ọmọ Belgium tí wọ́n bí ní Dinant ní 1814, kò ṣe sax kan ṣoṣo. Odidi ẹbí ló ṣe, látorí èyí tó ń ké tín-ín dé orí èyí tó ń kùn nísàlẹ̀, ó sì fẹ́ kí ìka tó bá mọ ọ̀kan mọ gbogbo wọn. Ohun tó fún wa nìyẹn: èmi tí mo mọ alto lè gba tenor lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n sì mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Ohun tó sì gbà lọ́wọ́ wa ni pé orúkọ tí à ń pe ohùn kò bá ti dùùrù mu mọ́. Paris ló ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1846. Ọdún yẹn náà ni àwọn míṣọ́nnárì Townsend àti Crowther dé láti tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta. Ọ̀kan ò mọ̀ nípa èkejì, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mọ́ mi nínú, torí pé abẹ́ òrùlé ìjọ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan sax.

Ọmọ Ìbàdàn ti fa bírò yọ. "Tí dùùrù bá wà ní F, àwa alto á mú D, tenor á mú G." Òótọ́ ni. Ọmọ Láfẹ́ńwá yíjú sí mi. "Àǹtí mi, ẹ ṣàánú. Níbo ni dò wà?" Kò dúró de ìdáhùn. Ó fi ẹnu kọ ọ́, dò, mí, sò, ó ní kí oníkálukú lọ wá dò yẹn lórí irin tirẹ̀, kó má ṣe dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. A wá a. A rí i. Orin jáde.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀, torí mo mọ bí àwọn tó kàwé orin ṣe máa ń fojú kéré sólfà. Wọ́n á ní ti àwọn ìyá choir ni. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Sarah Glover, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Pásítọ̀ John Curwen ló tún un ṣe tó sì gbé e káàkiri ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, kí àwọn mẹ̀kúnnù tí wọn ò lè ka ìlà márùn-ún lè kọrin alápá mẹ́rin. Àwa náà wá gbà á mọ́ra gan-an. Títí dòní, ẹ wọ ibi ìgbáradì ẹgbẹ́ akọrin kankan l'Ẹ́gbàá, ẹ ó rí d, r, m, f lójú pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, sopranò lókè, báàsì nísàlẹ̀. Kódà ọmọ tí kò dé ìjọ rí, tíṣà Yorùbá ti fi dò-re-mí kọ́ ọ ní àmì ohùn ní pámárì. Sólfà ò sì bìkítà bóyá alto lo gbé tàbí tenor, torí dò rẹ̀ kì í jókòó síbì kan. Irin tí ń yí orúkọ ohùn padà ló bá a mu jù lọ láyé. Gbogbo ẹni tó wà ní yàrá yẹn ló ní in lẹ́nu, síbẹ̀ a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìṣẹ́jú pípẹ́ láti máa jiyàn lórí ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà.

Iyàn yìí, Fẹlá ló máa ń parí rẹ̀ níbí, tàbí kí n sọ pé òun ni wọ́n máa ń fi parí rẹ̀. Ìlú wa ni wọ́n bí i sí ní 15 oṣù kẹwàá, 1938. Bàbá rẹ̀ ni olórí ilé ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta Grammar School. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ló lọ sí London ní 1922 lọ kọ orin ìjọ ní Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ilé wọn ní Ìsàbọ̀ ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Fẹlá gúnlẹ̀ sí London ní 1958, ó wọ Trinity College of Music, trumpet ló sì kọ́ níbẹ̀. Sax dé ọwọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irin tó ń fọn níwájú èrò ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí Igo Chico, tó ń fọn tenor fún un, fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìwé á ní, "Ṣé ẹ rí i? Trinity!" Àwọn elétí á ní, "Ta ló kọ́ ọ ní tenor? Òun fúnra rẹ̀ ni." Àwọn méjèèjì ò parọ́, ìdí nìyẹn tí iyàn náà kì í fi í parí.

Èmi, ohun tí mo máa ń wò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tó gbé tenor, kò dá wà. Ẹgbẹ́ olórin ńlá ló yí i ká, Tony Allen wà nídìí ìlù, àwọn tó mọ fèrè fọn ju òun lọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá fọn ohun tí kò dára, etí tó gbọ́ ọ pọ̀. Kí n tún sọ èyí tí àwọn kan ò ní fẹ́ràn: kì í ṣe òun ni tenor tó já gaara jù tí mo gbọ́ rí. Ó máa ń fà, ó máa ń ha. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè pè é ní ẹlòmíràn láyé, àwọn tó já gaara pọ̀ tí mi ò lè dá mọ̀ yàtọ̀.

Ọmọ Ọ̀bàǹtokò wá fọn tiẹ̀. Ìka rẹ̀ yá, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó sáré gòkè, ó sáré sọ̀, ó fi ohùn gíga kan parí rẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì. Àmọ́ ohùn náà tín-ínrín, ó há, ó sì ń ga ju ti kíbọ́ọ̀dù lọ ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá ìdajì irin. Ọmọ Ìbàdàn kò sọ nǹkan kan nípa orin. Ó dìde, ó lọ dúró níwájú rẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ kí n bá yín fa okùn yìí." Okùn ọrùn rẹ̀ gùn jù. Sax ń fì nísàlẹ̀ ikùn, òun náà wá ń tẹ ọrùn wálẹ̀ lọ bá a, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Ọmọbìnrin náà fa okùn sókè díẹ̀díẹ̀ títí mouthpiece fi bá ẹnu rẹ̀ níbi tó nàró sí. "Irin ni kó wá bá yín. Ẹ má lọ bá irin." Ó fọn ohùn kan. Gbogbo wa gbọ́ ọ pé ọ̀fun ti ṣí. Òun náà gbọ́ ọ. Ó yọ irin lẹ́nu, ó wò ó.

Mo ní kó yọ mouthpiece kúrò lára irin, kó fọn òun nìkan. Bàbá Ìdí-Àbà ló kọ́ mi. Bí ẹnu bá mú un bó ṣe yẹ, mouthpiece alto nìkan máa ń dún súnmọ́ A ti dùùrù, ti tenor á súnmọ́ G. Ọmọ Ìbàdàn tẹ A mọ́lẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù. Tiẹ̀ ti kọjá B, ó ń ké. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ó ń gé reed jẹ: àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ń tì í pa, reed ò rí àyè gbọ̀n. Ó yí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta hàn wá, ojú eyín wà níbẹ̀ kedere. Ó ní òun rò pé bó ṣe ń rí fún gbogbo ẹni tó ń fọn sax nìyẹn.

Gbogbo fídíò tó ti wò ló sọ pé kéèyàn má gé reed jẹ. Ó mọ gbólóhùn náà sórí, ó tiẹ̀ sọ ọ́ fún wa kí a tó sọ ọ́ fún un. Kò sí èyí tó gbọ́ ọ nínú wọn, kó sọ pé ìwọ yìí gan-an ń gé e. Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu YouTube o. Ohun tí Bàbá Ìdí-Àbà ò mọ̀ rárá, mo ti rí i níbẹ̀, láàárín òru, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kàn jẹ́ pé fóònù lè fi hàn ọ́, kò lè gbọ́ ọ. Àwọn ewúrẹ́ gbọ́ ọ, wọn ò fèsì.

Ìjọ ńkọ́? Ìjọ ń gbọ́ ọ. Àárín ọ̀sẹ̀ gbọ́ ọ, Sọ́ńdè gbọ́ ọ, ìṣọ́ òru gbọ́ ọ dójúmọ́. Àmọ́ ìjọ á pàtẹ́wọ́ bó o bá fọn ún dáadáa, á sì pàtẹ́wọ́ bó o bá bà á jẹ́, torí Ọlọ́run là ń yìn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìjọ tó bá ń máàkì afọnfèrè, mi ò ní lọ síbẹ̀. Ìdánwò náà ń gbọ́ ọ, 150 ni gbogbo máàkì rẹ̀, 100 ni àṣeyege. Wọ́n á kọ àṣìṣe rẹ sójú ìwé lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni, orin tó o ti fi oṣù pọ́n lójú sì ni wọ́n gbọ́. Wọn ò gbọ́ ọ nígbà tó rẹ̀ ọ́, nígbà tí iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ ń hó, tí ìyá ìyàwó ní kó o fọn orin tó ò gbọ́ rí.

Òde ló burú jù nínú gbogbo wọn. Ọmọ tó mọ orin ìyìn díẹ̀ àti highlife kan ti lè rí òde l'Abẹ́òkúta, ní Òkè-Ìlèwó, ní Aṣérò, wọ́n á sì lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni tó bá lọ. Owó reed wà níbẹ̀, owó dátà wà níbẹ̀, owó ilé ìwé àbúrò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó lẹ owó mọ́ ọ lórí ò sọ bí ohùn rẹ ṣe rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọtí ló fẹ́ràn rẹ.

Má jẹ̀ẹ́ kó dà bíi pé ọmọ Ìbàdàn nìkan ló tún èèyàn ṣe lọ́jọ́ náà. Nígbà tó kàn án, ó fọn orin Yorùbá kan tó ti kọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. Kò ṣi ohùn kan. Kálukú ń mi orí. Ọmọ Láfẹ́ńwá ló ní, "Ó dùn o. Àmọ́ mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀." Ọmọ Ìbàdàn ní sax kì í sọ̀rọ̀. "Gángan ńkọ́?" ni ó fi dá a lóhùn. Ó ní kó gbé irin sílẹ̀, kó fi ẹnu kọ orin náà. Ó kọ ọ́. Ó ní kó tún fọn ún. Gbogbo wa wá gbọ́ ohun tí òun ti gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀: ibi tí ìlà parí lójú ìwé ló ti ń mí, ó sì ń pín Olódùmarè sí méjì ní gbogbo ìgbà tó bá kàn án. Olódù níbí, èémí, marè lọ́hùn-ún.

Orin àbáláyé wa, orí ọ̀rọ̀ ló ń rìn. Ohùn orin máa ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, ó máa ń sọ̀ níbi tó bá ti sọ̀, òun ló jẹ́ kí onídùndún lè fi awọ kì wá tí a ó sì mọ ẹni tó ń kì. Ọ̀pọ̀ orin ìwé mímọ́ tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá ní ayé àwọn míṣọ́nnárì ò rí bẹ́ẹ̀, torí pé ohùn orin ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé, a sì ti ń kọ wọ́n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí etí wa fi gbà pé orin lè máa lọ sókè kí ọ̀rọ̀ máa lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá fi àwọn yẹn kọ́ sax, tó wá fẹ́ fọn tìbílẹ̀, gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó mọ ìka rẹ̀. Kò sí nínú ìwé ìdánwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò yẹ kó sì wà níbẹ̀; ti wa ni. Ọmọ Ìbàdàn mú bírò, ó fi àmì èémí sí gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí, ó sì ní kí ọmọ Láfẹ́ńwá gbọ́ òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n gbọ́ tèmi náà. Ọmọ Ọ̀bàǹtokò ló sọ ọ́, pẹ̀lú ìtìjú, torí èmi ni àgbà níbẹ̀: "Àǹtí, ohùn yín dáa gan-an, àmọ́ ẹ kì í gbọ́ bátìrì yẹn." Ìlù inú kíbọ́ọ̀dù ló ń wí. Ohùn gígùn Bàbá ti kọ́ mi bí ohùn ṣe ń dúró, kò kọ́ mi bó ṣe ń bá ìlù dé lásìkò, nítorí náà mo máa ń pẹ́ díẹ̀ kí n tó balẹ̀. Ó fún mi ní orúkọ ohun èlò kan lórí fóònù tó ń ka ìlù, ó ní kí n fi ìlù náà sórí ìró kejì àti ìkẹrin nìkan. Mo ti ń ṣe é. Ó ń bí mi nínú gidi.

A ti fẹnu kò báyìí pé Sátidé tí òde kò bá sí, a ó máa pàdé ní Ìbarà, orin kan lẹ́nìkan, kí àwọn tó kù kó irin sílẹ̀ kí wọ́n gbọ́. Kò sí àtẹ́wọ́. Ọmọ Láfẹ́ńwá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìlà márùn-ún, ó ń bú u bó ṣe ń kọ́ ọ. Ọmọ Ìbàdàn ti bá a lọ sí ìṣọ́ òru kan, ó ní wòlíì yí key padà lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi gbé irin sílẹ̀ tó kàn ń jó. Alto ti pọ̀ lọ́wọ́ wa, tenor náà ti di méjì. Ohun tí a ń wá báyìí ni baritone, sax tó tóbi ju tenor lọ. Bó o bá mọ ìjọ kankan láti Ìbẹ̀rẹ̀kòdó dé Adátán tí ọ̀kan wà lábẹ́ àgádágodo lẹ́yìn pẹpẹ, tí kò sẹ́ni tó ń fọn ún, bá wa sọ fún wọn. Àwa fúnra wa la ó ra reed.